Kọ́rì ewúrẹ́ ti Jàmáíkà: kí ló dé tí tèmi ń korò?

Màmá Tóbi, Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, aládùúgbò mi ará Jàmáíkà máa ń gbé e fún wa. Tèmi korò, ẹran sì le bí awọ. Wákàtí kan ni mo fi sè é.

Kúnlé: Wákàtí kan kẹ̀! Eléegungun ń fẹ́ tó 2 sí 3, iná jẹ́ẹ́jẹ́. Láti alẹ́ ni kí ẹ ti fi kọ́rì, ááyù, táìmù àti èso pimento (èròjà tí wọ́n ń pè ní allspice, kì í ṣe ata) ra á lára.

Ìyá Ṣadé: Kọ́rì ló jóná, ma. Wọ́n máa ń dín in nínú òróró lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ́jú kan ti tó. Àwọn ará Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Jàmáíkà ní 1845 ló mú kọ́rì wá. Odindi ata rodo ni kí ẹ jù sí i, kó má bẹ́ o!

Màmá Tóbi: Háà! Mẹ́ta ni mo gé wẹ́wẹ́ sí i. Abájọ tí bàbá Tóbi ń mumi ṣáá.