4294967297: ta ló mọ ọ̀nà àbùjá?

Aṣírò-Lóru: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. 4294967297, ìyẹn 2³² + 1, ló gba oorun lójú mi. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni, pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù. Mo fi 3, 7, 11, 13 dán an wò títí mo fi kọjá 100. Àṣẹ́kù ló ń jáde ṣáá. Bí mo bá ní kí n dé 65536, níbi tí mo ti lè dúró, nọ́ńbà àkọ́kọ́ 6542 ni mo máa tò lọ, mi ò sì lẹ́mìí ẹ̀. Ẹ má sọ pé kí n gbé e fún kọ̀ǹpútà o. Mo ti gbé e fún un, 1 ló kọ síbẹ̀!

Ojú-Inú: Ọ̀rẹ́, àyè bíìtì 32 lo fún un. Kò lè kà kọjá 4294967295. 4294967296 á di 0, tìẹ á wá di 1.

Baba Àṣẹ́kù: Àbùjá wà, ọmọ mi. Ká pe nọ́ńbà àkọ́kọ́ yòówù tó bá pín in ní p. Máa fi p pín 1, 2, 4, 8, 16 lọ bẹ́ẹ̀, kó o sì máa wo àṣẹ́kù. Tó o bá dé 2³², p − 1 ló máa ṣẹ́kù. 2⁶⁴ ni àṣẹ́kù tó máa padà sí 1, kò ní ṣáájú ibẹ̀. Òfin Fermat sì ní 2ᵖ⁻¹ náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1. Á jẹ́ pé 64 pín p − 1 gééré. Àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá èyí mu ló kù láti dán wò: 193, 257, 449, 577, 641. Ìkarùn-ún ló bọ́ sí i: 641 × 6700417. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló rí i ní 1732. Irinṣẹ́ Fermat ló wó ọ̀rọ̀ Fermat. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìyá Oníléédì: Bàbá, ẹ ṣì lè dín in kù. Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn ní 1878 pé 128 gan-an ló ń pín p − 1, torí náà 257 àti 641 ló kù. 257 ò sì wúlò: 3 × 5 × 17 × 257 × 65537 jẹ́ 4294967295, 2 ló máa ṣẹ́kù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ò tiẹ̀ gba pé kéèyàn pín ohunkóhun. 641 jẹ́ 5 × 2⁷ + 1, ó tún jẹ́ 5⁴ + 2⁴. Lójú 641, ìyẹn tá a bá ń wo àṣẹ́kù tí 641 ń fi sílẹ̀ nìkan, ọ̀kan náà ni 5 × 2⁷ àti −1. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀: 5⁴ × 2²⁸ di 1. Ṣùgbọ́n −2⁴ ni 5⁴ lójú rẹ̀. Ẹ fi rọ́pò, −2³² di 1, á jẹ́ pé 2³² + 1 di 0. 641 ti pín in nìyẹn!

Aṣírò-Lóru: Háà! Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ ṣé, mà. Mo fi 641, 769, 1153 àti 1409 dán 6700417 wò, gbogbo wọn ló ṣẹ́kù, kò sì sí òmíràn tó bá òfin 128 mu kí n tó kọjá 2588, níbi tí mo ti lè dúró. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni! 2⁶⁴ + 1 wá ńkọ́?

Baba Àṣẹ́kù: Bẹ̀rẹ̀ láti 257, máa fi 256 kún un. Ṣùgbọ́n wá àga tó dáa jókòó o: 274177 lò ń wá, ipò 1071 ló wà. Landry, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rí i ní 1880.