Gìrì mú ọmọ mi lóru, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò lè ṣe nǹkan kan

Ìyá Àríkẹ́:
Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2, ara ẹ̀ gbóná láti ìrọ̀lẹ́, mo lo parasitámọ̀ fún un, mo rò pé ó ti parí, àfi bó ṣe di nǹkan bí aago 2 òru tí gìrì gbé e lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ yí sókè, ó payín pọ̀. Ọmọ kẹta mi rèé o, ṣùgbọ́n igbe lásán ni mò ń ké. Ìyá onílé wa ló sáré wọlé, wọ́n ní kí n mú ṣíbí wá kí wọ́n fi la ẹnu ẹ̀, ẹnì kan ń gé àlùbọ́sà, ẹnì kan ní ká fi ẹsẹ̀ ẹ̀ síná. Kí wọ́n tó ṣe é, gìrì yẹn ti lọ fúnra ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ ká tó gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ibà ló fà á, ara ẹ̀ ti ń yá. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi tí mo bí i ni mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Báwo lẹ̀yin ṣe ń rí ìgboyà?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀rù á ba ẹnikẹ́ni. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà, láti ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ló máa ń mú jù, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í sì í tó ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ kí itọ́ tàbí èébì lè ráyè jáde, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ wo aago. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, mo ti rí ọmọ tí ṣíbí ká léyín, kò sọ́mọ tó ń gbé ahọ́n ẹ̀ mì. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5 tàbí tó bá tún padà wá, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bínú o, tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má dúró dàárọ̀, torí ó lè jẹ́ pé ibà ti wọ ọpọlọ.

Ìyá Ìbejì:
Nígbà tí mo wà ní kékeré, àgbò tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe máa ń wà nínú ìgò nílé wa nítorí gìrì. Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ló ń pa ọmọ?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́:
Òótọ́ ni, Mà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á lọ sílẹ̀, mímí ẹ̀ á dẹ̀ máa falẹ̀, ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ fúnra ẹ̀ lè má jí mọ́.

Ìyá Dára:
Ìyá Àríkẹ́, ìgboyà kọ́ ló kọ́kọ́ dé sí mi, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi bèbí ìṣeré kọ́ wa ní ìtọ́jú pàjáwìrì ní ìpàdé obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo rò pé eré ni, àfi ọjọ́ tí ọmọ mi fa ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná lu apá. Iná ò sí, omi ẹ̀rọ ò yọ, kọ́ọ̀bù ni mo fi ń bu omi tútù nínú dúrọ́ọ̀mù dà á sí i fún odindi 20 ìṣẹ́jú, àwọn aládùúgbò ń pariwo ẹyin tútù àti ọṣẹ ìfọyín, mi ò dá wọn lóhùn.

Ìyá Àríkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni ìyá onílé wa, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn lóru?

Ìyá Dára:
Ẹ má dúró dòru. Ọ̀sán ni mo ti bá ìyá ọkọ mi sọ tèmi, mo kúnlẹ̀, mo ní Mà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin lẹ máa wo aago fún wa, ẹ̀yin náà lẹ máa pe ọkùnrin tó ní mọ́tò lójúlé kejì. Àtìgbà yẹn, àwọn gan-an ló ń sọ fáwọn míì pé kí wọ́n má ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu.

Ìyá Àríkẹ́:
Mo máa lọ kí wọn nírọ̀lẹ́ yìí.