Kí ló dé tí omi fi fọ́ ọkọ̀ Caesar lẹ́ẹ̀mejì ní Bìrìtéènì?

Aránṣọ Ọjà Ọba
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Aránṣọ ni mí l'Ákùúrẹ́. Tí iná bá ti lọ tí máṣíìnì dúró, ìtàn àwọn ará Róòmù ni mo máa ń kà. Nǹkan kan rú mi lójú. Ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Kristi, Julius Caesar fi ọkọ̀ bíi 80 kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Bìrìtéènì. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n gúnlẹ̀, omi fọ́ ọkọ̀ wọn. Ó padà lọ lọ́dún kejì pẹ̀lú ọkọ̀ tó lé ní 800, omi tún fọ́ bíi 40. Àwọn tó ti ṣẹ́gun Carthage, ìlú alágbára nì ní Àríwá Áfíríkà, lójú omi! Kí ló ṣe wọ́n?

Ará Ìjàpọ̀
Ẹ̀gbọ́n, Olókun ibẹ̀ ò mọ̀ wọ́n rí ni 😂

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n bí sétí òkun dá sí i. Òṣùpá ni. Caesar fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òṣùpá àrànmọ́jú ló wà lókè lóru ọjọ́ náà, pé òkun ibẹ̀ máa ń kún gan-an nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn òun ò sì mọ̀. Mẹditaréníà tó mọ́ wọn lára kì í fi bẹ́ẹ̀ kún, kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Ibi tí ẹ bá wọ́ ọkọ̀ sí lálẹ́ lẹ ó ti bá a láàárọ̀. Ní Dover, létíkun Bìrìtéènì, ńkọ́? Tí òṣùpá bá kún, omi lè fi bíi mítà 6 ga ju bó ṣe wà nígbà tó fà lọ. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì nìyẹn! Àwọn ọkọ̀ ogun tí wọ́n wọ́ sórí iyanrìn, omi bá wọn níbẹ̀, ó kún inú wọn. Ìjì sì ń gbá àwọn ọkọ̀ ẹrù tó wà lórí ìdákọ̀ró. Méjìlá ṣòfò pátá. Igi àti idẹ ara wọn ni wọ́n fi tún ìyókù ṣe.

Mi ò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo so imú ọkọ̀ àbúrò bàbá mi mọ́ òpó l'Áyétòrò, mo fún okùn náà pinpin, mo rò pé mo gbọ́n. Omi kún lóru, okùn ò jẹ́ kí ọkọ̀ dìde, imú rẹ̀ rì. Ẹrẹ̀ la ti yọ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Wọn ò nà mí o. Abọ́ kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gbọ́n omi inú ọkọ̀ náà tán.

Aránṣọ Ọjà Ọba
Háà! Ọdún kejì wá ńkọ́? Ṣebí ó ti mọ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ti ọdún kejì, ìjì ni. Orí ìdákọ̀ró náà ló tún fi wọ́n sí, ní etíkun gbalasa. Ìgbà tí wọ́n fọ́ tán ló wá ní kí wọ́n wọ́ ìyókù gòkè. Iṣẹ́ bíi ọjọ́ mẹ́wàá, tọ̀sán-tòru. Ẹ má gbàgbé pé Volusenus, ọmọ ogun tí Caesar kọ́kọ́ rán lọ wo etíkun náà kí wọ́n tó lọ lọ́dún àkọ́kọ́, ò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rárá, inú ọkọ̀ ló ti wò ó.

Tíṣà Oǹdó
Ti Arébíà ló ń pa èmi lẹ́rìn-ín. Aelius Gallus, ọ̀gágun Róòmù mìíràn tó lọ gbógun ti ibẹ̀, kan ọkọ̀ ogun 80 kó tó yé e pé àwọn tó fẹ́ gbógun tì ò ní í bá a jà lójú omi. Ó wá tún kan ọkọ̀ ẹrù 130. Ó dó ti ìlú Marsiaba níbẹ̀ fún ọjọ́ 6, àìrómi-mu ló lé e kúrò. Strabo ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ní èèyàn 7 péré logun pa. Àìsàn, ebi àti àárẹ̀ ló pa àwọn tó kù tó kú.

Aránṣọ Ọjà Ọba
Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ Ìlàjẹ, báwo lẹ ṣe ń so okùn yín báyìí?

Ọmọ Ìlàjẹ
Mo máa ń fi í sílẹ̀ kó gùn ju ìdúró mi lọ.