Ọkọ̀ tó ń sùn nínú ọgbà n'Ìyìn: ṣé dandan ni kí n ra íńṣọ́ránsì fún un?

Ìyàwó Ìyìn, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì kete. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi ti wà ní Kánádà láti ọdún 2024. Corolla 2008 tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó lọ, inú ọgbà bàbá wọn n'Ìyìn ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi tàpólì bò ó. Ọgbà náà ní fẹ́ǹsì àti géètì, ìyá ọkọ mi ló ń gbé ibẹ̀. Èmi ń gbé Adó nítorí iṣẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Gbogbo ìwé ọkọ̀ náà ló ti kú láti èṣí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń bá èèyàn ṣe pátíkúlà ní kí n sáré mú owó wá, pé àwọn ọlọ́pàá ti ń wọ inú ọgbà lọ mú ọkọ̀ tí kò ní íńṣọ́ránsì. Ẹlòmíì ní comprehensive, íńṣọ́ránsì ńlá tó ń san ti ọkọ̀ ẹni náà, ló yẹ kí n rà, pé tí ọkọ̀ bá tó mílíọ̀nù 4, 200,000 náírà ni. Ọwọ́ mi kò tó o. Ọkọ mi kò sì fẹ́ kí a tà á, wọ́n ní àwọn á lò ó tí àwọn bá wálé fún ọdún.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ọlọ́pàá kọ́ ló ń bà mí jù. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn tó ń jó igbó lẹ́yìn ọgbà jó o títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí fẹ́ǹsì wọlé. Tó bá jó ọkọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé third party, íńṣọ́ránsì kékeré olówó 15,000 náírà, á san án? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n ra nǹkan kan fún ọkọ̀ tí kò rìn?

Onísìmẹ́ńtì, Ìkẹ́rẹ́
Ìyàwó wa, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ tó ń sùn lábẹ́ máńgòrò, ta ló fẹ́ gbá? Adìẹ ìyá ọkọ yín? Ẹ fi 15,000 ra iṣu, kí ẹ gún un.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ má tàn wọ́n o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti ń béèrè íńṣọ́ránsì káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá ní in, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Alágbàtà Íńṣọ́ránsì, Adó
Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n là á.

Òfin tó sọ third party di dandan kì í ṣe ti àná. Ayé òyìnbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, 1945; òfin íńṣọ́ránsì tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n third party ṣì jẹ́ dandan. Ohun tí òfin wí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọkọ̀ lójú pópó, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíì lò ó lójú pópó, láìní íńṣọ́ránsì tí yóò gbọ́ ti ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Ojú pópó ni òfin ń wò. Ọkọ̀ tó dúró gbagidi nínú ọgbà olówó rẹ̀, tí géètì tì mọ́, kò sí lójú pópó. Ọ̀gbẹ́ni tó ní ọlọ́pàá ń wọ ọgbà, owó ọwọ́ yín ló ń wá.

Ní ti iná, third party kò ní san kọ́bọ̀ lórí Corolla yín. Tìtorí ẹlòmíì ni wọ́n ṣe ṣe é. 15,000 náírà lọ́dún ni fún ọkọ̀ àdáni láti January 2023 (5,000 ni tẹ́lẹ̀), ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 lórí dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́. Tí iná bá jó tiyín, ẹ ó kàn káwọ́ gbera ni.

Èyí tó bá ìbẹ̀rù yín mu ni wọ́n ń pè ní third party, fire and theft. Ó ń san ti iná, ó ń san ti olè. Tẹ́ ẹ bá wa ọkọ̀ lọ gbá ògiri, ìyẹn kò kàn án. Ó wọ́n ju 15,000 lọ, ṣùgbọ́n kì í wọ́n tó comprehensive, tí kò gbọdọ̀ dín ní 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Ibẹ̀ ni 200,000 tí wọ́n bu fún yín ti wá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún iléeṣẹ́ náà: pé ọkọ̀ kò rìn, ibi tó wà, iná igbó tó ń jó lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ohun tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ lónìí ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba owó.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, Ìlú Ọba
Ti ọ̀dọ̀ wa níbí yàtọ̀ pátápátá. Láti 2011, ọkọ̀ tí orúkọ ẹ bá wà lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní íńṣọ́ránsì, ì báà máa sùn, àfi tó o bá ti kọ̀wé fún ìjọba pé o ti yọ ọ́ kúrò lójú títì. SORN ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni. Èmi kò kọ ọ́ o, mo ṣe bí ti ilé ni. Lẹ́tà ìkìlọ̀ dé, mo rò pé àwọn tó ń polówó ọjà ni, mo sọ ọ́ nù. Èyí tó tẹ̀ lé e, 100 pọ́ùn! Lórí àkúrun ọkọ̀ tí mo fẹ́ ta fún àwọn onípáńtí. Tó o bá sì ti kọ SORN, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ì báà jẹ́ títì iwájú ilé ẹ. Inú ọgbà ni, àfi ọjọ́ tó o bá ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò MOT tó o ti bá wọn dá ọjọ́ sí.

Mẹkáníìkì Ajílósùn
Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ yọ ọkọ̀ yẹn kúrò lábẹ́ máńgòrò. Ewé gbígbẹ lórí, tàpólì ọ̀rá lára, bẹntiróò nínú táǹkì, kí ló tún kù tí iná ń wá? Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ro ẹ̀yìn fẹ́ǹsì yẹn mọ́lẹ̀ kanlẹ̀, kí iná débẹ̀ kó má rí nǹkan jẹ.

Ẹ wá gbọ́ ti eku. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan n'Árámọkọ, ọdún kan péré ló fi dúró, eku ti bímọ méje sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti fi wáyà ṣe ìtẹ́. Ẹ lọ bá íńṣọ́ránsì sọ ti eku, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan máa tàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó máa tàn án, ẹ tú orí bátìrì.

Ìyàwó Ìyìn, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ títàn yìí, àbúrò ọkọ mi ló ń bá wa tàn án. Ẹ má bínú, mi ò kà á sí nǹkan kan ni mi ò ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì n'Ígèdè lọ́jọ́ Súńdè, kí ẹ́ńjìnnì má baà dì. Kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Onísìmẹ́ńtì, Ìkẹ́rẹ́
Ha! Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní ó ń sùn, ó ń rìn lójú oorun! Ẹ dá 15,000 tí mo ní kí ẹ fi ra iṣu padà.

Alágbàtà Íńṣọ́ránsì, Adó
Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Láti Ìyìn dé Ìgèdè, títì ọlọ́dà ni. Òfin kò ní Súńdè yàtọ̀, kò sì béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹ sì rántí ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan: ẹni tó wà á àti ẹni tó jẹ́ kó wà á, òfin kan àwọn méjèèjì. Ọkọ yín ní Kánádà lọ́hùn-ún ló ni ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì lọ ra ti iná àti olè, tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ọkọ̀ kì í kúrò nínú ọgbà, irọ́ lẹ kọ yẹn.

Olùkọ́, Ìdó
Èyí dun èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, "a kì í lò ó." Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí òun fi gbé kúlà lọ síbi òkú ṣíṣe, ilé kejì sí ilé kẹta. Ó gbá ọlọ́kadà. Egungun itan dá sí méjì. Ọlọ́kadà ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, kò sì ṣe nǹkan kan ju pé ó ń kọjá lọ. Oṣù mẹ́rin lòun àti ìyàwó rẹ̀ fi wà ní ọsibítù. Oko kòkó bàbá wa la yá fún ẹlòmíì láti fi san owó náà, a ò tíì gbà á padà títí dòní. 5,000 ni third party nígbà yẹn.

Ìyàwó Ìyìn, Adó-Èkìtì
Olúwa ṣàánú. Ara mi ti bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àbúrò ọkọ ni lóòótọ́, ọkọ mi náà ni. Èmi wo ni kí n lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá? Àbọ̀ tó máa délé ni pé ìyàwó ti gba ọkọ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Màmá Ìbejì, Ọ̀mùò
Ẹ má bá wọn sọ ọ́ rárá o. Ìyá wọn ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ ra búrẹ́dì dání, kẹ́ ẹ sọ ti ọlọ́kadà Ìdó yẹn fún wọn bó ṣe rí gan-an. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá á béèrè kọ́kọ́rọ́ fúnra wọn.

Alágbàtà Íńṣọ́ránsì, Adó
Màmá Ìbejì, ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́. Ìyàwó wa, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra third party, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á létí títì. Ẹ san owó pé, torí pé kò sí àwìn nínú íńṣọ́ránsì. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, tàbí kí ẹ wọ askniid.org, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá a. Tí kò bá jáde, bébà lásán lẹ rà. Ìwé ọkọ̀ yòókù tó ti kú náà ńkọ́? Kẹ́ ẹ ṣe ìyẹn pẹ̀lú kó tó tún fẹsẹ̀ kan títì.

Ìyàwó Ìyìn, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ, mo ti dé. Ìyá gbọ́ ti ọlọ́kadà, wọn ò jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ ọ́ tán. Third party la rà. Mo tẹ nọ́ńbà ọkọ̀, ó jáde. Àbúrò ọkọ mi san 10,000 nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè. Ti iná àti olè, ẹni tó máa wá ya ọkọ̀ ní fọ́tò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, a ó sì sọ ti Súńdè fún un. A ti ti ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, adìẹ sì ti yé ẹyin mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá títí ìwé yòókù á fi pé. Ibi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí pé ẹni tó ń wá a wà láàárín wa níbí.

Ọmọ Ìyìn
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ o, ìyàwó wa. Màá fi ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.