Màmá á pe gbogbo orúkọ tán kó tó kan tèmi

Títí di òní, bí èèyàn bá ṣi orúkọ mi pè, kì í dùn mí. Ara Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí, wọn á kọ́kọ́ pe bàbá mi, wọn á pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọn á pe ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, kó tó wá kàn mí. Nígbà mìíràn, orúkọ ọmọ wọn tó ti kú á jáde láàárín. Wọn á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn parí rẹ̀ nínú wa, a óò dúró dè wọ́n ni.

Mo rò pé ogbó ló fà á. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni mo kà á pé àwọn tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ọ̀dọ́ náà ń ṣe é, àti pé orúkọ àwọn tó jọ wà nínú ìdílé, tí a jọ fẹ́ràn, ló máa ń gba ipò ara wọn lẹ́nu ẹni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọdún 97 ni Màmá lò láyé. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, wọ́n sin méjì. Ẹni ọdún 41 ni wọ́n nígbà tí ọkọ wọn kú, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́ àwọn ọmọ náà. Àwọn ọmọ wọn ló ni ìtàn ìyẹn, mi ò ní fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ti abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ojú wọn ń ṣú, tí wọn ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, wọn ò fẹ́ máa ké sí ẹnikẹ́ni kó wá bá wọn ṣe é. Nítorí náà, ní gbogbo alẹ́ Sátidé, màá jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, màá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá: funfun márùn-ún, dúdú márùn-ún. Òwú náà kò gbọdọ̀ gùn ju apá wọn lọ, kó má baà lọ́ pọ̀. Wọn á gbà á lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á fi àtàǹpàkò wá ẹnu rẹ̀, wọn á sì fi í há etí kọ́tìnì ojú fèrèsé, funfun lápá òsì, dúdú lápá ọ̀tún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di Ọjọ́bọ̀ tí mẹ́jọ ṣì wà níbẹ̀, a ti mọ̀ pé ara wọn kò yá, bí wọn ò tilẹ̀ wí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni wọ́n ní kó wá palẹ̀ yàrá náà mọ́. Mẹ́ta ló kù lára kọ́tìnì, dúdú kan, funfun méjì. Màmá ti lo méje lọ́sẹ̀ tí wọ́n lọ. Mi ò yọ ìyókù. Mo ká kọ́tìnì náà bó ṣe wà, mo gbé e lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin irú ìyá bẹ́ẹ̀, kí ló kù lọ́wọ́ yín?

* * *

Ẹ kú ìrántí Màmá o. Etí ni ti ìyá ìyá mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọn á dáhùn. Ọmọ mi obìnrin á kí wọn títí, wọn ò ní wẹ̀yìn. Mo bínú sí wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo rò pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye pé bí etí bá ń darúgbó, ìró tín-ínrín ló kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn ọmọdé sì tín-ínrín. Ó ní ká má pariwo, ká jẹ́ kí ohùn wa ki dípò kó tín-ínrín, ká dúró níbi tí wọ́n ti lè rí ẹnu wa. Mo kọ́ ọmọ náà. Ó lọ dúró níwájú wọn, ó ki ohùn bí àgbàlagbà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ní, "Ìgbà wo lo mọ ọ̀rọ̀ sọ?"

Lálẹ́ tí wọ́n lọ, wọn ò lajú, wọn ò dáhùn. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tó jáde ní 2020, tó fi hàn pé ọpọlọ àwọn mìíràn tó ń kú lọ ṣì ń gba ìró, bí wọn ò tilẹ̀ lè dáhùn mọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe mú ọmọ náà wọlé. Ohùn ńlá yẹn ló tún fi sọ ọ́: "Ẹ sùn dáadáa, Màmá."

* * *

Ní tèmi, fọ́tò ìyá bàbá mi kún fóònù mi, ohùn wọn ni kò sí. Ọdún 94 ni wọ́n lò, síbẹ̀ mo ṣì rò pé àyè wà, pé màá gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oṣù tó kọjá ni àbúrò mi rí ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀ àtijọ́. Kò gùn, kò tó ìṣẹ́jú kan rárá. Wọn ò mọ̀ pé nǹkan ń gbohùn àwọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ti délé? Mi ò tíì pa iná o."