Ṣáfùtù tí mo jó tún kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jó

Wẹ́dà Gáà-Àkàńbí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ìyá onígàrí kan gbé ṣáfùtù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ wá láti Ọ̀fà. Ó ti kán. Mo fi electrode (ọ̀pá tí a fi ń jó irin pọ̀) E6013 jó o, mo da omi lé e kí ìyá lè tètè máa lọ. Ọjọ́ kejì, ó tún kán. Kì í ṣe ibi tí mo jó ló kán o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Mo fi fáìlì ra ibẹ̀, ṣe ló ń yọ̀ bí ẹni ń ra gíláàsì. Irin kan náà kọ́ ni? Ṣé èèyàn lè mọ irú èyí kó tó dáná sí i? Mo ti gbowó ìyá yìí, ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Omi yẹn ni, ẹ̀gbọ́n. Bí bàbá mi bá rọ àdá tán, tí ojú rẹ̀ pọ́n, á tì í bọ omi kó lè le. Ṣùgbọ́n á tún dá a padà síná díẹ̀, kó má baà máa ṣẹ́. Ẹ̀yin ò dá a padà.

Olùkọ́ Irin: Òótọ́ ni. Kódà láìsí omi, ṣáfùtù tó nípọn tó sì tutù á fa ooru yẹn lọ wàrà. Irin tó bá ti kọjá 727°C, inú rẹ̀ ti ń yí padà, carbon (èròjà èédú tó wà nínú irin) ń yọ́ sínú rẹ̀. Bó bá rọra tutù, carbon á ráyè jókòó síbi tirẹ̀. Bó bá sáré já láti 800 sí 500, carbon á há, irin náà yóò di ohun tí wọ́n ń pè ní martensite: ó le, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́. Hydrogen (gáàsì kan) láti ara electrode tó fa omi á wá là á lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ìdí tó fi di ọjọ́ kejì nìyẹn.

Ẹ lè ṣírò tẹ́lẹ̀ bóyá irin kan á ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ pín ìdá manganese (èròjà mìíràn tí wọ́n ń pò mọ́ irin) sí 6, ẹ rò ó mọ́ ìdá carbon. Ṣáfùtù tí carbon rẹ̀ jẹ́ 0.45%, tí manganese jẹ́ 0.7%, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.57. Irin géètì kì í sábà ju 0.3 lọ. Èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá 0.45, ẹ má jó o ní tútù.

Wẹ́dà Gáà-Àkàńbí: Mi ò ní ìwé irin yìí, sà.

Olùkọ́ Irin: Ẹ fi gíráńdà kàn án. Iná tó ń ta láti ara irin géètì máa ń gùn, kì í yẹ̀ka púpọ̀. Ti oní-carbon púpọ̀ máa ń fọ́n ká bí ìràwọ̀. Ẹ ha ibì kan kó dán, kí ẹ yá ṣáfùtù náà níná. Tó bá ti dà bíi gàrí elépo, ó ti lé ní 200°C. Tó bá dà bí aró, ó ti ń lọ sí 300, ẹ dá iná dúró. Electrode E7018 tí ẹ ti sá gbẹ nínú ààrò ni kí ẹ fi jó o, kí ẹ rì í mọ́nú eérú gbígbẹ di ọjọ́ kejì.

Tọ́nà Ọ̀fà: Tó bá jẹ́ tèmi, màá gé tuntun fún ìyá náà. Ẹ̀rọ yẹn ń sáré, àwọn ọmọ sì ń dúró tì í.

Olùkọ́ Irin: Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jó o, ẹ tún fi fáìlì ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyá gbé e lọ.