Ọ̀kadà mi ń yìnbọn tí mo bá ti pa á

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ pa á báyìí, sàlẹ́ńsà á dún gbàù! Lánàá, ọmọ tí èrò mi pọ̀n ta gìrì, ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí gan-an. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, pàbó ló já sí. Mo wá rí èérí èéfín dúdú níbi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìsopọ̀ ibẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí epo tí kò jó tán fi ń gbiná nínú sàlẹ́ńsà? Àbí fáàfù ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣí tó sì ń pa dé fún afẹ́fẹ́ àti èéfín, ni kí wọ́n tún sẹ́ẹ̀tì? Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?